Àwọn Obìnrin Ìdí Ẹ̀rọ: Ta Ló Sọ Fún Wọn?



Ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú ni a ti múra láti kọ sí ojú ewé yìí lóṣù yìí. A tilẹ̀ ti kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí a kò lè gbé mì bí ẹni gbé omi mì, nítorí pé ọwọ́ tiwa gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń pariwo ìrẹ́jẹ lé máníjà lórí lójoojúmọ́, bí ìrẹ́jẹ bá ti inú ilé tirẹ̀ jáde, ó yẹ kí ó lè pariwo èyí náà.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ iná ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé a kò fẹ́ kí wọ́n tìtorí ọ̀rọ̀ wa dí i lọ́nà oúnjẹ. Ó ti lo ọdún méje nídìí àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Bí ẹ̀rọ bá dúró, tí iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, òun ni wọ́n máa ń pè. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni ó ti kọ́ ní iṣẹ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ náà ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì fẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ náà ti di ọ̀gá kékeré nídìí ẹ̀rọ nìyẹn, owó oṣù rẹ̀ á sì gbéra sókè. Wọn kò lẹ ìwé kankan mọ́ ara ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ilé ọtí tí ó wà lẹ́yìn géètì, ni máníjà ìdí ẹ̀rọ sọ ọ́ lẹ́nu pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ mú orúkọ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn tí ó wà nídìí tábìlì gbọ́. Wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn. Nígbà tí yóò fi di agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé, orúkọ ti pé. Obìnrin yìí kò gbọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tí ó lọ, méjì jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń fi mítà yẹ wáyà wò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dùn wá jù. Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo méjì, ẹ̀rọ tuntun náà dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ gba ẹ̀kọ́ pè é lórí fóònù nílé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Kí ni ká ṣe sí i?” Ó sọ fún un. Ẹ̀rọ ṣí. Owó oṣù tirẹ̀ ṣì wà níbi tí ó wà.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa wà nídìí tábìlì náà ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa. Ó ní òun kò fi pamọ́ fún un rárá, pé kò tilẹ̀ wá sí òun lọ́kàn ni. Àwa gbà á gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi pamọ́ ni, à bá bá a wí kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kan mọ iṣẹ́ fún ọdún méje, kí orúkọ rẹ̀ má sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígbà tí ohun rere dé, àrùn èyí jìn ju àìṣòótọ́ ènìyàn kan lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021 ni Àjọ Èbúté, NPA, bẹ̀rẹ̀ sí í lo Ètò, tí wọ́n fi ń ti inú kọ̀ǹpútà pe tírélà kí ó tó lè wọ èbúté. Ṣáájú ìgbà náà, a rí awakọ̀ tí ó sun ojú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń fi omi kẹ́ẹ̀gì wẹ̀, tí ó ń se oúnjẹ lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí Ètò dé, ta ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀? Ẹni tí ó ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù hàn án ni. Ẹni tí kò ní ẹnìkan, alágbàtà ni ó lọ bá, ó sì fi owó ra ohun tí ó yẹ kí ẹnìkejì rẹ̀ sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó ti rí fún yín lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí fún àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ lójoojúmọ́.

Kí ni a pè ní ìdí ẹ̀rọ? Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti bọ̀. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ òkun tí ó lé ní 400 ni ó tò sí ojú omi Èkó, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì kó símẹ́ńtì. Wàhálà náà ni ó bí èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Iṣẹ́ ẹ̀yìn àti èjìká ni iṣẹ́ èbúté nígbà náà. Nígbà tí ìjọba gbé àwọn èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2006, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ sì ń sọ fún wa títí di òní pé ẹni tí ó tètè gbọ́ ohun tí ń bọ̀ ni ó tètè rí ibòmíràn fi orí lé. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Lẹkí. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ibi tí kọ́ńténà yóò jókòó sí, kọ̀ǹpútà ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń yẹ ẹrù wò, kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí iná ni ó ń darí ẹ̀rọ tí ń lọ ìyẹ̀fun, ẹ́ńjìnnì tírélà tuntun pàápàá kò ní ṣí àyà rẹ̀ fún mẹkáníìkì tí kò bá mú kọ̀ǹpútà dání. Iṣẹ́ orí ni gbogbo èyí, orí obìnrin kò sì kéré sí ti ọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin wa ti ń wọlé sí i. Wọ́n ń jáde ní pólì, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ló dé. Ohun àkọ́kọ́ ni ilé ọtí náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o, a kò bá ọtí jà; ẹni tí ó ń kọ èyí pàápàá kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tí ó ní ọkọ tí ó sì ní ọmọ bá jókòó sáàárín ọkùnrin mẹ́jọ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn kan nínú wa yóò sọ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá sì jókòó, kò ní gbọ́. Ohun kejì ni ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá. A kò sọ pé òfin náà dára tàbí kò dára. Ohun tí a rí ni pé obìnrin tí ó bá jáde níṣẹ́ lálẹ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí iná kò sí, láàárín tírélà àti kòtò, kí ó tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Boundary. Ẹni tí ó ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ níwájú kò ní dúró gbọ́ ìròyìn. Ilé ń dúró dè é, ìkòkò ọbẹ̀ ń dúró dè é.

Ohun kẹta le láti sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ ran ọmọbìnrin lọ́wọ́. Wọ́n á ní, “Èmi yóò mú ọ mọ àwọn ènìyàn. Fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni ó kù. Bí ọmọ náà bá kọ̀, ilẹ̀kùn tì. Bí ó bá gbà, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó mọṣẹ́ ṣe ń sá fún gbogbo ọkùnrin tí ó bá ju òun lọ nídìí iṣẹ́, títí kan àwọn tí kò ní èrò búburú lọ́kàn. Ìyà ń jẹ ẹni rere pọ̀ mọ́ ẹni búburú. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ketekete: ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí ó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́. Àdéhùn náà kò mọ sí inú géètì nìkan. Ó dé ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó dé ìrìn àjò iṣẹ́, ó dé orí fóònù. Ọmọ ẹgbẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó wá bá wa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wa ni ó hù ú, kí ó wá síbẹ̀síbẹ̀.

Nísinsin yìí, àwọn kan yóò ní kí àwọn obìnrin wá “mọ ènìyàn” ni, kí wọ́n lọ sí àwọn ìpàdé ńlá ní Victoria Island níbi tí wọ́n ti ń pín káàdì tí wọ́n sì ti ń ya fọ́tò. A ti rán ẹni méjì lọ sí irú rẹ̀ rí. Wọ́n bọ̀ pẹ̀lú àpò òfìfo kan àti káàdì mọ́kànlélógún. Títí di òní, nínú àwọn tí ó ni káàdì, kò sí ẹni tí ó gbé fóònù. A kò bú wọn. Kí ni wọn ìbá sọ fún ẹni tí wọn kò mọ bóyá ó mọ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n?

Àjọṣe tí ó ní gbòǹgbò kì í bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn ìyá ọ̀làjú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kékeré kan. Nígbà tí àwọn ìyá ọjà fẹ́ kọ́ ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ìwé ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n lórí àga kan náà ni àwọn ìyá ọ̀làjú ti gbọ́ bí wọ́n ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà nígbà ogun, àti bí owó orí ti ń ni wọ́n lára. Olùkọ́ náà ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin wọ inú rẹ̀, ní ọdún 1949 Aláké fi ìlú sílẹ̀. Àwọn òpìtàn máa ń yára sáré dé ibi ariwo náà. Àwa fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ABD, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ara wọn.

Àwọn obìnrin ẹnjiníà Nàìjíríà náà kò jókòó dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n. Ní ọdún 1983, Ẹnjiníà Joanna Maduka àti àwọn obìnrin díẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí APWEN. Ọdún 1958 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ńlá náà sílẹ̀. Ọdún 2024 ni obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ rẹ̀, Ẹnjiníà Margaret Oguntala, tó dé orí àga. Ẹ bá wa ka iye ọdún náà. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Òmíràn wà ní ìlú Òyìnbó. Ní ọdún 1962, obìnrin kan tí ń jẹ́ Stephanie Shirley dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Ìlú Ọba pẹ̀lú owó pọ́n-ùn mẹ́fà. Ó ń kọ lẹ́tà wá iṣẹ́, wọn kò dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó máa fi Steve, orúkọ ọkùnrin, buwọ́ lù ú. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá! Àwọn tí ó kó jọ ni àwọn obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ọmọ. Inú ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ lẹ́sẹ̀, tẹlifóònù létí. Nínú ènìyàn 300 àkọ́kọ́ tí ó gbà, obìnrin ni 297. Àwọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ ìṣirò àpótí tí ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Ohun tí ó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé ó mọ ibi tí àwọn tí ayé ti gbàgbé wà, ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe.

Nílé níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ẹ gbọ́ orúkọ Sandra Aguebor rí. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Benin. Ní ọdún 2004 ni ó dá ètò tí ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀, obìnrin tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán sì di ẹni tí òmíràn lè tọ̀ lọ. Ìyáàfin Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́, ọmọ Ilé-Olúji, ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní MTN nílé, kí ó tó dá MainOne sílẹ̀ ní ọdún 2008, tí okùn rẹ̀ gba abẹ́ òkun láti Pọtugí dé Èkó ní ọdún 2010. Kì í ṣe káàdì tí a pín nínú òtẹ́ẹ̀lì ni ó jẹ́ kí àwọn olówó gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n ti mọ ohun tí ó lè ṣe. Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa gan-an, láti ọdún 2007 ni Paradigm Initiative ti 'Gbénga Ṣẹ̀san ti gbé iṣẹ́ Ajegunle.org dìde láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà àti ọgbọ́n iṣẹ́, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ ohun mìíràn nípa Ajégúnlẹ̀ ju orin àti bọ́ọ̀lù. Ní Èkó yìí kan náà, W.TEC ti Ìyáàfin Orẹ́olúwa Lẹ̀sí ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 2008. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ẹ béèrè wọn.

Ṣùgbọ́n kí a tó máa fi ọ̀nà jíjìn hàn yín, nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ imú wa tí àwa olóyè ẹ̀ka kò mọ̀. Obìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè yìí ni ó sọ fún wa nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́.

Inú bọ́ọ̀sì agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí láti Boundary ni wọ́n ti pàdé. Òun ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ìkejì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, nídìí àwọn kọ́ńténà tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, tí wọ́n ń kó ẹja wá. Ìkẹta ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ́ńjìnnì tírélà wò ní ìtòsí Coconut. Wọn kò mọ ara wọn rí. Òun ni ó ń ráhùn sí ẹni tí ó jókòó tì í pé ẹ̀rọ kan níṣẹ́ òun máa ń dúró ní ọ̀sán gangan lójoojúmọ́, tí kò sì sí wáyà tí ó jó. Ìkejì bi í pé, “Ṣé ẹ ti wo fáànù inú àpótí iná yẹn? Tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, eruku ló dí i, bí oòrùn bá ti mú, ó á gbóná, á sì pa ara rẹ̀.” Ó dé ibi iṣẹ́, ó ṣí àpótí: ìyẹ̀fun ti di fáànù náà pa bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn máníjà ti fi ń pe ẹni tí ó ta ẹ̀rọ náà.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ẹ̀rọ bá fi hàn nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí ó fà á, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ìwé náà ti di méjì. Àwọn mẹ́ta ti di mọ́kànlá. Wọ́n ń dá àjọ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tí àjọ bá kàn, owó ìdánwò tàbí irin iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi ṣe. Wọn kì í fi ra aṣọ ẹbí. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Òfin wọn kan ni ó mú wa dákẹ́. Nígbà tí ààyè iṣẹ́ ṣí ní ibi tí ọ̀kan nínú wọn wà, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wọn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá orúkọ òun. Ó kọ̀. Ó ní, “Àbúrò mi, mi ò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Orúkọ mi ni mo fi ń ṣe onídùúró. Wá bá mi ní Sátidé, jẹ́ ká jọ tú àpótí iná kan.” Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi tú u. Ní ìkarùn-ún, ó mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó lè ní ẹlòmíràn ni ó gbé e wọlé. Ọmọ náà ní tirẹ̀ ni ó kọ́ àwọn àǹtí bí wọ́n ti ń fi fóònù wá ìwé ẹ̀rọ jáde, tí wọn kò fi tún nílò láti máa bẹ ẹni tí ó ta á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

A gbọ́dọ̀ bá àwọn obìnrin wa wí díẹ̀ náà. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ti wọlé tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí a máa pe àwọn nìkan ní obìnrin tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn mìíràn wà tí ojú wa kì í rí láti ọdún dé ọdún, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni wọ́n ń rántí pé àwọn ní ẹgbẹ́. A kì í lé wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ̀rọ̀ wọn, nígbà tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n?

Ó ku àwọn ọkùnrin tí ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé a fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu wọn fún obìnrin. Ẹ fetí sílẹ̀. Obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ tí a kò jẹ́ kí ó gòkè, owó kékeré ni máníjà ń san fún un. Nígbà tí ẹ bá wá jókòó láti béèrè àfikún, obìnrin yẹn ni wọn yóò fi hàn yín: “Ẹ wo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yín ní ìdajì owó yín.” A ti gbọ́ ọ lórí tábìlì ìdúnàádúrà, ní ojú wa. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti pinnu, a sì kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹ lè dì wá mú. Ààyè iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ tí olóyè ẹ̀ka kankan bá gbọ́, ìbáà jẹ́ ní ilé ọtí, ìbáà jẹ́ ní ilé ìjọsìn, ó gbọ́dọ̀ wà lára pátákó ẹ̀ka kí wákàtí 24 tó pé. Ìpàdé ẹ̀ka kò ní sí ní agogo méje alẹ́ mọ́. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí àwọn aláago àárọ̀ bá ń jáde. A ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn pé kí wọ́n fi orúkọ obìnrin náà sí ẹ̀kọ́ tí ó kàn, kí wọ́n sì san owó ipò fún un, nítorí pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ ipò náà lórí fóònù ní agogo méjì òru. Èsì kò tíì dé. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí ó bá dé, bí ó ti wù kí ó rí.

A sì ti bẹ àwọn obìnrin mọ́kànlá náà pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi gbọ̀ngàn ẹ̀ka ṣe ibi ìpàdé wọn. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ni yóò máa darí rẹ̀ àti pé a kò ní wá ṣe ọ̀rọ̀ ìṣíde gígùn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Obìnrin tí ó bá wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí láti Tin Can dé Ajégúnlẹ̀, kí ó wá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kí ó mú bírò àti ìwé dání. Ẹni tí ó bá ní ọmọ, kí ó gbé e wá. Ìyá kan yóò wà níbẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Àwọn ọkùnrin tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lè wá jókòó lẹ́yìn. Àpótí iná kan yóò wà lórí tábìlì, obìnrin tí a kò pè ní ọjọ́ Jímọ̀ náà ni yóò tú u fún wa. Akọ̀wé ẹ̀ka ni yóò to àga.